Ilé Ayálégbé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Ìdójútòfò Wo Ló Yẹ Onílé?

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A rí i kedere nílùú Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí iná sọ ọjà Akẹ̀sán di eérú. Ọjà ọba ni, ẹ̀gbẹ́ ààfin ló wà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbà á kanrí títí wọ́n fi tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì fi gírátúítì rẹ̀ kọ́, tó kó akẹ́kọ̀ọ́ sí, tó sì ń jẹun nínú owó rẹ̀, ta ni yóò bu ẹwà sí i bí iná bá mú un? Ẹbí yóò wá kí i, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yóò dá díẹ̀ jọ, àwọn ayálégbé yóò kó ẹrù tó bá ṣẹ́ kù lọ síbòmíràn. Òun nìkan ni yóò kù sídìí ògiri.

Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe àgbéyẹ̀wò yìí. Irú ìdójútòfò wo, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ínṣọ́ránsì, ló yẹ kí onílé rà sórí ilé tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé? Èwo ni òfin fi dandan lé? Èwo ló tó owó tí wọ́n ń bù lé e? Èwo ni ènìyàn lè fi sílẹ̀ láìsí ewu?

Ìlú méjì, òwò kan náà

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bíi 50 kìlómítà lọ, òwò ilé yíyá sì ti gbilẹ̀ nínú méjèèjì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 ló sọ ọ́ di òwò gidi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìgboro pọ̀ rẹpẹtẹ, ìdí nìyẹn tí Under-G, Adéníkẹ́, Stadium àti àwọn àdúgbò tó yí wọn ká fi kún fún ilé tí wọ́n kọ́ nítorí wọn: yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní self-contain, mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí méjìlá lábẹ́ òrùlé kan. Ní Ọ̀yọ́, Federal School of Surveying wà níbẹ̀, Ajayi Crowther University wà níbẹ̀, Emmanuel Alayande tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tẹ́lẹ̀ náà ti di yunifásítì. Àmọ́ apá kan ilé tí wọ́n ń yá ní Ọ̀yọ́ ló jẹ́ ilé àjogúnbá, ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, tí yàrá kojú sí yàrá.

Ilé kíkọ́ sílé kì í ṣe ohun àná. Nígbà tí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣòwò ní Gáná, kí ìjọba Busia tó lé àjèjì lọ ní ọdún 1969, ilé tí ènìyàn bá kọ́ sílé ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó rìn re. Lónìí, ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní London tàbí ní Houston náà ń kọ́lé sílé, ó sì ń fi alámòójútó ilé sídìí rẹ̀. Síbẹ̀, onílé tó ń san owó ìdójútòfò third party ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá, kì í san kọ́bọ̀ lórí ilé tó níye lórí ju ọkọ̀ náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìdójútòfò ilé jẹ́ ti ẹni tó bá wù. Òfin Ìdójútòfò ọdún 2003 kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 65 rẹ̀ pàṣẹ pé ilé tí ará ìlú ń lò gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò lórí ewu ìdàwólulẹ̀, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti àgbàrá. Ẹni tó bá gbọ́ “ilé tí ará ìlú ń lò” lè rò pé ilé ìwòsàn tàbí gbọ̀ngàn ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n òfin náà ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ọn, ó sì dárúkọ ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ìjìyà tí òfin 2003 yàn nígbà náà fún ẹni tó bá rú u ni ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì pọ̀. Abala 64 òfin 2003 náà kan ẹni tó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́: ilé tó bá ju alájà méjì lọ gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò lásìkò tí iṣẹ́ ń lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun, Nigerian Insurance Industry Reform Act, tó rọ́pò ti 2003. Dandan orí ilé ayálégbé kò kúrò nílẹ̀. Òfin tuntun náà tún gbé owó ìdókòwò tí ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ ní ga sókè: 15 bílíọ̀nù náírà fún ilé iṣẹ́ tó ń dójútòfò ohun ìní, ó sì fún wọn ní oṣù méjìlá láti kó o jọ. Ìyẹn kan onílé gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ilé iṣẹ́ tí kò bá lówó lọ́wọ́ kò lè san owó òfò.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú òfin náà ni ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀. Ìdójútòfò tí wọ́n fi dandan lé yìí, ẹlòmíràn ló wà fún. Ẹ̀bi tó bá já lé onílé lórí ló ń gbà rù. Bí ògiri bá wó lu ayálégbé, bí irin bákónì bá já tí ọmọ ẹni tó wá kí wọn sì ṣubú, bí iná tó bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà ilé bá jó ilé aládùúgbò, ilé iṣẹ́ adójútòfò ni yóò san owó tí ilé ẹjọ́ bá ní kí onílé san. Ilé tirẹ̀ lè jó di eérú, kó má rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀ láti fi tún un kọ́. Third party ọkọ̀ gan-an nìyẹn: ó ń tún ọkọ̀ ẹni tí o kọ lù ṣe, tìrẹ sì wà lọ́rùn rẹ. Onílé tó bá ra eléyìí nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ òfin, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ òfò.

Ẹ̀bi ayálégbé, òfò gbogbo àdúgbò

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì bóyá ohun tí ayálégbé kó sínú yàrá lè di ọ̀rọ̀ ìlú, kó rántí Bódìjà nílùú Ìbàdàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ìbúgbàù kan mi ìlú náà tìtì. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ, tó ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé àdúgbò náà, ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ síbẹ̀. Ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ ilé bàjẹ́, títí kan ilé àwọn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pé méjì fún onílé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Èkíní, ọ̀rọ̀ “ìbúgbàù” tó wà nínú ìwé ìdójútòfò iná lásán sábà máa ń mọ sórí gáàsì àti ohun èlò inú ilé. Ìbúgbàù irú ti Bódìjà, àfi kéèyàn dìídì rà á kún un. Èkejì, onílé kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ohun tí ayálégbé ń ṣe sílẹ̀ fún alámòójútó ilé nìkan. Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá rí i pé onílé mọ̀ pé wọ́n ń kó epo bẹntiróòlù pamọ́ sínú ilé tí kò sì sọ, wọ́n á yọ ọwọ́ wọn.

Ẹ wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Under-G ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ohun tí ẹni tó wá yẹ ilé wò fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò kọ sílẹ̀. Sílíńdà gáàsì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá bíi mẹ́fà, rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wà lábẹ́ fèrèsé, gálọ́ọ̀nù epo sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Nínú yàrá kan, ààrò oníná, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìlọṣọ rọ̀ mọ́ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, tí ẹnu rẹ̀ sì ti dúdú. Kò sí sílíńdà apaná kankan nínú gbogbo ilé. Ilé yìí ṣeé dójútòfò, àmọ́ owó rẹ̀ yóò ga, tàbí kí wọ́n ní kí onílé kọ́kọ́ ra apaná méjì, kó kọ́ ibi tí gáàsì yóò máa wà síta, kó sì pe oníṣẹ́ iná wá tún wáyà ṣe. Owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò lọ lásán. Òun gan-an ni ìdójútòfò àkọ́kọ́.

Ohun tó wà lórí àtẹ

Ìdójútòfò iná ni ìpìlẹ̀. Iná, àrá àti ìbúgbàù inú ilé ló wà nínú rẹ̀. Nípa àrá, ayé ti yí padà ní Ọ̀yọ́. Láyé àtijọ́, ilé tí Ṣàngó bá jà sí, àwọn mọgbà ni yóò kó wọ̀ ọ́, onílé yóò sì san ohun ètùtù ńlá lórí òfò tó ti ṣe é. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ. Nísinsìnyí, àrá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí láìjanpata.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọn ewu àfikún, tí wọ́n ń so mọ́ ìdójútòfò iná. Ìjì ló ṣáájú wọn. Láti oṣù kẹta, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń ṣíwájú rẹ̀ máa ń ṣí òrùlé kiri ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, pàápàá páànù tí wọn kò fi irin dè mọ́ ògiri dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ ra àfikún kan ṣoṣo, ìjì ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìjì tó bá wó ọgbà tàbí géètì nìkan, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í san án.

Àgbàrá jẹ́ ti ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá odò tàbí ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé Ògùnpa ọdún 1980, wọn kò sì gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè lè fi owó yẹn ṣe nǹkan mìíràn.

Ọkọ̀ kíkọlù ilé wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí tírélà tí búréèkì rẹ̀ já lè ṣe. Kí ó rà á. Ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò kò nílò rẹ̀.

Rògbòdìyàn àti ìbàjẹ́ láti ọwọ́ ọmọ ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, lásìkò ìwọ́de EndSARS, ìbínú gbòde ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí ìbọn ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n sì ya wọ ààfin Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà, wọ́n ba nǹkan jẹ́. Bí ó bá lè dé ààfin, ó lè dé ilé ẹnikẹ́ni tó wà lójú títì. Àfikún yìí kì í sábà wọ́n, ó yẹ ilé tó wà lágbègbè yunifásítì àti ìgboro.

Lẹ́yìn èyí ni ìdójútòfò owó ilé. Bí iná tàbí ìjì bá sọ ilé di aláìṣeégbé, owó tí ayálégbé ì bá san ní oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan tí àtúnṣe yóò gbà ni wọ́n ń san. Ẹni tó ń jẹun nínú owó ilé kò gbọ́dọ̀ fò ó dá. Ṣùgbọ́n kí a là á yé ara wa: ayálégbé tó kọ̀ láti sanwó, tàbí yàrá tí kò rí ẹni gbé e, kò sí nínú rẹ̀. Òfò tó ti ara ewu tó wà nínú ìwé wá nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí ayálégbé bá jẹ ní gbèsè, ilé ẹjọ́ ni ọ̀nà rẹ̀.

Ẹrù inú ilé ni ìkẹyìn. Bí yàrá bá ṣófo nígbà tí ẹ yá a fún wọn, ẹ kò ní ẹrù kankan níbẹ̀, ẹ má sanwó ẹrù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fi bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ ìfami sí i, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti olè, ìwé àdéhùn sábà máa ń béèrè pé kí àmì fífọ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé wà. Fíríìjì tí ayálégbé fi kẹ́kẹ́ gbé lọ ní òru ọjọ́ tó kó jáde, orí onílé ló wà. Kọ̀ǹpútà, aṣọ àti ìwé ẹ̀rí ayálégbé kò sí nínú ìdójútòfò onílé rárá, ó sì yẹ kí onílé sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba kọ́kọ́rọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kó sí

Nínú gbogbo ohun tó ń mú onílé bínú lẹ́yìn òfò, iye tí wọ́n kọ sórí ilé ló pọ̀ jù. Ká ní ilé kan yóò gba 40,000,000 náírà láti tún un kọ́ lónìí. Onílé ní kí wọ́n kọ 20,000,000 sílẹ̀, kí owó tí yóò san lè dínkù. Ìjì ṣí òrùlé, àtúnṣe jẹ́ 4,000,000. Yóò rò pé 4,000,000 kéré sí 20,000,000, pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa san. Ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò san 2,000,000, nítorí ìdajì ilé ló dójútòfò. Ohun tí wọ́n ń pè ní average nìyí, inú ìwé ló wà, kì í ṣe jìbìtì.

Owó ìkọ́lé kò sì dúró sójú kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan dé 10,000 náírà níbi púpọ̀. Iye tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò lè tó ilé náà kọ́ mọ́. Lọ́dọọdún, kí ẹ tó sanwó tuntun, ẹ pe bíríkìlà tàbí ẹni tó mọ ìdíyelé, kó sọ iye tí ilé náà yóò gbà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ẹ yọ owó ilẹ̀ kúrò: ilẹ̀ kì í jó.

Ibi kejì ni ilé tó ṣófo. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló sọ pé bí kò bá sí ẹni nínú ilé fún 30 ọjọ́ tí onílé kò sì fi tó wọn létí, ààbò lórí àwọn ewu kan ti dúró. Onílé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Nígbà tí aáwọ̀ owó láàárín Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n jọ ni LAUTECH nígbà náà, ti yunifásítì náà pa ní ọdún 2016, ó pẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó padà. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tún tì. Ọ̀yọ́ ti dá ni LAUTECH báyìí, láti ìparí ọdún 2020, àmọ́ ìsinmi àti ìyanṣẹ́lódì kò tíì tán nílẹ̀ Nàìjíríà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ adójútòfò, kí ẹ sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́.

Ibi kẹta kan ilé àjogúnbá, èyí tó pọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan pàdánù nínú ilé kò lè dójútòfò rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bàbá kan bá pín ilé, tí Ẹ̀gbọ́n ń yá yàrá mẹ́ta iwájú, tí Àbúrò ń yá ẹ̀yìn, ta ló ni òrùlé? Bí Ẹ̀gbọ́n bá fi orúkọ tirẹ̀ nìkan ra ìdójútòfò sórí gbogbo ilé, àríyànjiyàn ni yóò kọ́kọ́ dé lẹ́yìn iná. Àwọn tó ní fúláàtì ní Amẹ́ríkà ti yanjú irú èyí: ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ni ilé gíga náà ń dójútòfò ara ilé àti òrùlé lápapọ̀, oníkálukú sì ń ra ti inú fúláàtì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Britain, ẹni tó ni ilẹ̀ ilé náà ló sábà máa ń ra ti ara ilé, tí yóò sì pín owó rẹ̀ fún àwọn onífúláàtì. Mọ̀lẹ́bí Ọ̀yọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀: kí wọ́n ra ẹyọ kan sórí gbogbo ilé ní orúkọ gbogbo àwọn tó jogún rẹ̀, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí wọ́n dá owó rẹ̀ bí yàrá oníkálukú ṣe tó. Rọ́síìtì ilẹ̀, sọ́fẹ̀ àti ìwé ìpín ogún ni kí ẹ kó jọ kí ẹ tó lọ.

Ibi kẹrin ni irọ́ orí fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù yóò béèrè ohun tí wọ́n fi mọ ògiri, ohun tí wọ́n fi bo òrùlé, ẹni tó ń gbé ibẹ̀, bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣe òwò nínú rẹ̀. Ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́, ilé alámọ̀ ni. Ẹni tó pè é ní búlọ́ọ̀kù kí owó lè dínkù ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé náà. Bákan náà ni ẹni tó ra ìdójútòfò ilé bí ẹni pé òun ló ń gbé ibẹ̀, tó sì kó ayálégbé sí i. Àwọn ọmọ wa tó ní ilé ní London tàbí ní Houston náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ọjọ́ tí wọ́n bá kó jáde tí wọ́n sì yá fúláàtì wọn, kí wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò àti báńkì tó yá wọn lówó ilé. Ìwé ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ kì í bo ilé ayálégbé.

Ikán tó jẹ igi òrùlé, òrùlé tó ti gbó tó ń jò, ògiri tó sán díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ìdójútòfò tó máa san ìwọ̀nyí. Bákan náà, bí iná mànàmáná tí IBEDC ń pín bá dé ní agbára tó pọ̀ jù tó sì jó fíríìjì nìkan, fíríìjì yẹn kò sí nínú ìdójútòfò iná. Bí ó bá di iná tó ran ilé, ibi tó ràn dé wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ̀, àti ìdí tí wọ́n fi ń kọ̀

“Wọ́n mọ̀ ọ́n gbà, wọn kò mọ̀ ọ́n san.” Ọ̀rọ̀ tí ẹ óò gbọ́ ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, kò sì ṣàdédé wáyé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti fi ìyà jẹ oníbàárà rí. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí onílé ń rò, ẹ óò bá ọ̀kan nínú ohun tí a ti kà sókè yìí: iye tí kò pé, ilé tó ṣófo tàbí irọ́ orí fọ́ọ̀mù, tàbí kó jẹ́ pé onílé kò tíì san owó ìdójútòfò rẹ̀. Láti ọdún 2013 ni àjọ NAICOM, tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ adójútòfò, ti ń fi ọwọ́ líle mú òfin pé bí owó kò bá tíì wọlé, kò sí ààbò. Ìlérí pé “mo máa mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” kò dójútòfò nǹkan kan. Bí ilé iṣẹ́ bá sì kọ̀ láìnídìí, NAICOM ni kí ẹ fẹjọ́ sùn.

Àwọn mìíràn kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀sìn. Fún Mùsùlùmí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí èlé àti ohun tó jọ tẹ́tẹ́, takaful wà: àwọn olùkópa ń dá owó sínú àpò kan láti ran ẹni tí òfò bá ṣe lọ́wọ́, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lè padà sọ́dọ̀ wọn. Ọdún 2013 ni NAICOM gbé ìlànà rẹ̀ jáde, àwọn ilé iṣẹ́ tó dá dúró fún un sì wà báyìí. Onígbàgbọ́ tó ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé sọ òótọ́; síbẹ̀, ó fi ágádágodo sí géètì rẹ̀.

Ẹni tó ní àjọ àti èésú ti tó náà ní ìdí tirẹ̀. Àjọ dára fún òrùlé tí ìjì ṣí apá kan rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé gbogbo bá lọ, kò sí àjọ àdúgbò tó lè gbé 40,000,000 náírà kalẹ̀, pàápàá bí ìjì kan náà bá ti ṣí òrùlé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Bí a ṣe ń rà á

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ NAICOM, kí ẹ sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú àkójọ tí àjọ náà gbé jáde, nítorí owó ìdókòwò tuntun yìí lè mú kí àwọn kan dà pọ̀ tàbí kí wọ́n kógbá wọlé. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni kí ẹ béèrè iye lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú àlàyé kan náà. Fún ilé búlọ́ọ̀kù lásán, owó ọdún kan sábà máa ń kéré sí náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ kọ sórí ilé. Kí ẹ tó wo iye yẹn, ẹ wo ojú ìwé tó ka ohun tí wọn kò ní san, ẹ sì béèrè apá òfò tí ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ gbà rù. Ìwé tó pọ́ọ́kú tó sì ní kí onílé máa gba 500,000 àkọ́kọ́ rù kò wúlò fún ẹni tí òrùlé nìkan ló sábà máa ń bá wàhálà.

Tí òfò bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún wọn kíá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba ìròyìn lọ́wọ́ panápaná àti ọlọ́pàá, ẹ ya fọ́tò, ẹ má ṣe kó àwókù dànù kí ẹni tí wọ́n rán wá yẹ òfò wò tó dé. Fọ́tò ilé náà nígbà tó ṣì dára, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí fóònù, wúlò ju ẹ̀rí ẹnu mẹ́wàá lọ.

Ìdájọ́ wa

Ilé búlọ́ọ̀kù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ ra ti ẹ̀bi tí òfin fi dandan lé, ẹ ra iná pẹ̀lú ìjì àti rògbòdìyàn, ẹ ra owó ilé fún ọdún kan. Ẹ fi ẹrù inú ilé sílẹ̀ bí yàrá bá ṣófo. Ilé àjogúnbá alámọ̀ ní Ọ̀yọ́: ẹ ra ti ẹ̀bi ṣáájú ohun gbogbo, nítorí ògiri tó lè wó lu ènìyàn ni ewu rẹ̀ tó tóbi jù, lẹ́yìn náà iná pẹ̀lú ìjì, ní orúkọ gbogbo ẹbí. Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ tún ògiri ṣe ná, kí ẹ sì ra ti ẹ̀bi. Ilé tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀: ẹ fi ọkọ̀ kíkọlù kún un.

Ẹni tó ní ilé kan ṣoṣo kì í lágbára níwájú ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tó ti ń dá owó ọlọ́dẹ àti ti ẹ̀rọ amúnáwá, lè kó ogójì ilé jọ sójú kan, kí wọ́n gba alágbàtà kan tó mọ iṣẹ́, kí wọ́n dúnàádúrà iye àti àdéhùn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.